Bàtà tí Mo Máa Ń Wọ̀ Bí Ọmọ Bá Fẹ́ Jẹ Ẹ̀fọ́

Àwọn kan ń bẹ̀rù ejò, àwọn kan ń bẹ̀rù olè. Ní Johannesburg tí mò ń gbé yìí, ẹni tó bá ní òun ò bẹ̀rù olè, ẹ wo ọwọ́ rẹ̀ dáadáa. Èmi ń bẹ̀rù olè níwọ̀nba. Èyí tí mo ń bẹ̀rù kọjá ìwọ̀n ni ọmọ kékeré tí oúnjẹ wà lẹ́nu rẹ̀. Bí ọmọ bá ti gbé nǹkan sẹ́nu, ọ̀fun rẹ̀ ni ojú mi máa ń lọ, mi ò sì ní mí títí yóò fi gbé e mì. Bó bá wá jẹ́ ẹ̀fọ́ ni, tó ní okùn, tó ní igi, tó lè lẹ̀ mọ́ òkè ẹnu, àyà mi á máa lù kìkì bí ẹni ń gúnyán fún àlejò.

Èmi fúnra mi ò bímọ. Ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fẹ́ nígbà kan ti délé ọkọ kí n tó ro ọ̀rọ̀ tí n ó bá a sọ tán. Ilé àbúrò mi ni mò ń gbé, ní Rosettenville, nínú ọ̀kan lára àwọn ilé àtijọ́ tí òrùlé wọn jẹ́ páànù pupa. Ìnjinníà ni àbúrò mi. Ìyàwó rẹ̀ ń bójú tó ìṣirò owó ní ọ́fíìsì kan ní Newtown. Èmi, ìwé mẹ́fà ni mo kà, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sì ka ìkẹfà yẹn. Ìwé tí mo mọ̀ tó láti ka nọ́ńbà orí téèpù, torí télọ̀ ni mí. Iyàrá ẹ̀yìn ilé ni máṣíìnì mi wà. Sútánà ni mò ń rán jù, fún àwọn ìjọ Aládùúrà tó wà káàkiri ìlú yìí, àti yúnífọ́ọ̀mù ọmọ iléèwé bí ọdún bá bẹ̀rẹ̀.

Nítorí pé ilé ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ọwọ́ mi ni ọmọ àbúrò mi máa ń wà bí ìyá rẹ̀ bá lọ síbi iṣẹ́. Obìnrin ni. Nígbà tí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀, ó ti ń rìn, ó ti ń sáré, ó sì ti ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, Òyìnbó ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Wọ́n ra àga gíga kan fún un tó ní tábìlì kékeré níwájú. Bó bá ti jókòó síbẹ̀, á máa wo gbogbo wa nílẹ̀ bí ẹni tí a wá san ìṣákọ́lẹ̀ fún. Nítorí àga yẹn ni mo ṣe ń pè é ní Kábíyèsí. Ó ń dáhùn.

Kábíyèsí ń mu mílíìkì. Ó ń jẹ búrẹ́dì, ó ń jẹ páàpù àgbàdo tí wọ́n ń jẹ níbí, ó sì ń jẹ ìrẹsì bí kò bá ti sí nǹkan kan lórí rẹ̀. Kò fẹ́ kárọ́ọ̀tì, kò fẹ́ elégédé, ṣùgbọ́n ẹ̀fọ́ ni ọ̀tá rẹ̀ gan-an. Bó bá rí i nínú àwo, á mí kanlẹ̀, á ní, “Eish.” Ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní òpópónà wa ló ti kọ́ ọ. Àwa tí a ti pẹ́ níbí, a máa ń sọ ọ́ bí róbọ́ọ̀tì, iná ojú títì, bá dá wa dúró, tàbí bí iná bá lọ tí a ò tíì jẹun. Òun, ẹ̀fọ́ ló ń sọ ọ́ sí.

A fi í rẹ́rìn-ín títí di ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà òtútù. Lọ́jọ́ náà ìyá rẹ̀ fẹ́ gbé e lọ sí kílíníìkì, èmi náà sì tẹ̀ lé wọn, torí èmi ni mo máa ń pọ̀n ọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni, èmi ọkùnrin. Bí mo bá pọ̀n ọ́n tí mo tẹ máṣíìnì díẹ̀, oorun á gbé e lọ. Mo wọ bàtà dúdú mi tó ní okùn, mo wọ jákẹ́ẹ̀tì, mo fi ọ̀já gbà á mọ́ ẹ̀yìn, a wọ táásì. Ní kílíníìkì, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ ní itan, wọ́n tún gún un ní ìka láti gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀. Ẹkún tó sun lọ́jọ́ yẹn, àwọn tó wà ní géètì yóò ti gbọ́.

Nọ́ọ̀sì wo ẹ̀jẹ̀ náà, ó mi orí.

“Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń lọ sílẹ̀,” ló sọ fún ìyá rẹ̀ ní Òyìnbó. “Mílíìkì ló kún inú rẹ̀, kò sí àyè fún oúnjẹ. Oògùn tí mo fún yín yìí ò lè dá a ṣe. Ẹ fún un ní ẹ̀fọ́, ẹ fún un ní ẹ̀wà àti ẹran díẹ̀díẹ̀. Bí òtútù bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, ẹ gbé e padà wá kí n tún yẹ̀ ẹ́ wò.”

A wọ táásì padà sílé. Ìrọ̀lẹ́ ni mo gbọ́ ohun tí ìyàwó wa ń rò. Òun àti ọkọ rẹ̀ wà ní ìdáná, èmi wà nídìí máṣíìnì, ilẹ̀kùn sì ṣí.

“Bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò bá gòkè nígbà tí a bá padà lọ,” ló wí, “màá gbé e lọ fún Màmá mi ní Iléṣà.”

“Iléṣà? Títí di ìgbà wo?”

“Títí tó máa fi mọ̀ ọ́n jẹ. Bóyá títí tó máa fi tó ọmọ iléèwé.”

“Ìyẹn ti jìnnà jù, dáali.”

“Ṣé ẹ̀jẹ̀ tí kò sí lára ẹ̀ ló súnmọ́? Àwa mélòó ni Màmá mi tọ́? Ta ni kì í jẹ ẹ̀fọ́ nínú wa?”

Mo ń tẹ máṣíìnì mi lọ bí ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan. Nígbà tí mo fi máa wolẹ̀, òwú ti já lójú abẹ́rẹ́. Gbogbo etí sútánà tí mo ti ń rán láti ìgbà tí wọ́n ti dárúkọ Iléṣà, ihò lásán ló wà níbẹ̀. Kábíyèsí jókòó sábẹ́ tábìlì ìgéṣọ, ó ń kó àjákù aṣọ jọ lé orí ẹsẹ̀ mi bó ṣe máa ń ṣe. Mo wò ó, mo wo ilẹ̀ abẹ́ tábìlì náà, mo rò ó pé bó bá lọ, ta ni yóò máa kó àjákù? Mo ní kí n má rò ó mọ́. Mo tún rò ó.

Wọ́n pe ìyá àgbà náà lórí fóònù, ojú rẹ̀ hàn nínú rẹ̀. Inú rẹ̀ ti ń dùn.

“Ẹ gbé e wá fún mi. Ṣebí n ó kàn gbé e sórí ẹsẹ̀ ni, n ó fi ọwọ́ kan di imú ẹ̀, n ó fi ìkejì rọ ọ́. Bó fẹ́ bó kọ̀, á gbé e mì. Bí mo ṣe rọ ìwọ náà nìyẹn.”

“Màmá, wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́.”

“Àwọn wo ni wọn? Ìwọ tí mo rọ, ṣé o kú ni?”

Ara mi bù máṣọ níbi tí mo wà. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo rí ìyàwó àdúgbò wa kan tó ń rọ ọmọ rẹ̀ lágbo. Agbo náà pá ọmọ lórí, ojú rẹ̀ yí sókè, mo sì fi eré gé e. Nígbà tí wọ́n fi máa rí mi, mo wà lẹ́yìn ààrò, mo fi ewé kókò bo orí. Ọmọ tí mo rò pé ó ti kú ti ń ṣeré nínú iyanrìn. Òun gan-an ló tọ́ka ibi tí mo sá sí. Síbẹ̀, ẹ̀rù tó bà mí lọ́jọ́ yẹn bá mi wọkọ̀ dé Johannesburg, kò sì sí ẹni tó béèrè ìwé ìrìnnà lọ́wọ́ rẹ̀.

Bí gbogbo wa ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọgbọ́n nìyẹn. Ìnjinníà fi ṣíbí ṣe ọkọ̀ òfuurufú. Ó ń pariwo bí ẹ́ńjìnnì, ó ń yí ṣíbí ká orí ọmọ. Kábíyèsí gbádùn rẹ̀ púpọ̀. Ó yanu gbàgà kí ọkọ̀ náà bà. Bó ṣe rí ẹrù aláwọ̀ ewé tó kó, ó ti pápákọ̀ pa. Ìyá rẹ̀ lọ sípínáàṣì, ó rò ó mọ́ páàpù. Ọmọ náà wo páàpù tó ti yí àwọ̀ padà, ó wo ìyá rẹ̀ tàánútàánú.

“Eish,” ló wí.

Èmi náà dá tèmi. Tẹ̀tẹ̀ kún ìlú yìí; àwọn ìyá tó ń tà á lẹ́bàá títì ń pè é ní mòrógò. Mo rà á, mo sè é títí kò fi lè dá ara rẹ̀ mọ̀, mo lọ̀ ọ́. Ẹ̀rù okùn rẹ̀ ṣì ń bà mí, mo bá fi àjákù aṣọ sútánà sẹ́ ẹ. Ohun tó kán sínú àwo dà bí omi ìṣanwọ́. Ìyàwó wa tọ́ ọ wò.

“Bọ̀ọ̀dá mi, kí lèyí?”

“Ẹ̀fọ́ ni.”

“Ẹ̀fọ́ wo?”

“Tẹ̀tẹ̀.”

Ó tún tọ́ ọ wò. “Ẹ̀fọ́ yẹn ti lọ, Bọ̀ọ̀dá mi. Omi tó fi wẹ̀ kó tó lọ lẹ gbé fún un yìí.”

Oúnjẹ ọ̀sán ló wà lọ́wọ́ mi, torí àwọn méjèèjì ti máa ń wà níbi iṣẹ́. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín, n ó sọ bí mo ṣe ń múra sílẹ̀. Kí n tó gbé ẹ̀fọ́ síwájú ọmọ yẹn, màá kọ́kọ́ wọ bàtà dúdú mi, màá so okùn rẹ̀ kó le. Màá wọ jákẹ́ẹ̀tì, màá fi kọ́kọ́rọ́ géètì sápò. Màá wé ọ̀já mọ́ ìbàdí. Ìdí rẹ̀ ni pé bí igi ẹ̀fọ́ bá há a lọ́fun, mi ò ní máa wá bàtà kiri. N ó kàn gbé e sẹ́yìn ni, ó di ojú títì, ó di táásì, ó di kílíníìkì. Mo ti rò ó títí dé ibi tí n ó ti máa sọ fún dókítà pé kì í ṣe ẹ̀bi mi.

Bí mo bá múra tán, màá jókòó síwájú rẹ̀, màá la ojú mọ́ ọ̀fun rẹ̀, màá ní, “Kábíyèsí, ẹ yanu.” Á wò mí láti orí dé ẹsẹ̀. Á di eyín pinpin. Bí ṣíbí bá sún mọ́ ọn, á bú sẹ́kún. Ojoojúmọ́ bẹ́ẹ̀. Mo gbà pé ẹ̀fọ́ ni kò fẹ́.

Lọ́jọ́ kan àbúrò mi gbàgbé nǹkan, ó sì wọlé lọ́sàn-án.

“Bọ̀ọ̀dá, ṣé ẹ fẹ́ jáde ni?”

“Rárá. Mò ń fún ọmọ lóúnjẹ ni.”

Ó wo bàtà mi, ó wo ọ̀já. “Pẹ̀lú jákẹ́ẹ̀tì?”

“Òtútù ń mú,” ni mo wí.

Ó mú ohun tó gbàgbé, ó lọ. Ẹni tó ti ka ìwé púpọ̀ kì í bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jiyàn lórí òtútù.

Òtútù náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé àárín rẹ̀ lọ́jọ́ kan tí Kábíyèsí tún sunkún lé àwo rẹ̀ lórí. Ó rẹ̀ mí. Mo gbé e sọ̀ kalẹ̀ lórí àga, mo bọ́ bàtà, mo bọ́ jákẹ́ẹ̀tì, mo padà sídìí iṣẹ́. Ẹsẹ̀ lásán ni mo fi ń tẹ máṣíìnì. Bí mo bá wọ bàtà, mi ò ní mọ bó ṣe ń sáré tó. Nígbà tó yá, ebi pa èmi náà. Mo tẹ́ ẹní sílẹ̀, mo gbé páàpù àti ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ mi kalẹ̀, tòun ti ẹja àti pọ̀nmọ́, mo ń jẹun. Mo ti jẹ ẹ́ dé ìdajì nígbà tí agogo géètì dún.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kí ọ̀rọ̀ tó kù lè yé yín. Èmi kì í ṣẹ́ oúnjẹ kù. Nílé wa nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bàbá mi kì í jẹ oúnjẹ rẹ̀ tán. Ẹni tó bá máa kó àwo rẹ̀ ló ni àjẹkù inú rẹ̀, a sì máa ń jà lórí àwo yẹn. Ẹ̀fọ́ kan náà ni ìyá wa bù fún gbogbo wa, inú ìkòkò kan náà, ṣùgbọ́n èyí tó kù nínú àwo bàbá dùn ju tiwa lọ. Àwọn àgbà ní àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Èmi ti dá gbé pẹ́ ní ìlú yìí kí àbúrò mi tó dé, mo jẹ àjẹìwẹ̀yìn, mo sì ru igbá mi lọ síbi omi ẹ̀rọ fúnra mi. Kò sí ọmọ tí mo lè ṣẹ́ kù fún, mo bá gbàgbé pé wọ́n ń ṣẹ́ oúnjẹ kù. Lọ́jọ́ yẹn, agogo géètì ló bá mi ṣẹ́ ẹ kù.

Bàbá kan ni, láti ìjọ Aládùúrà kan ní Bertrams. Ó wá wọ sútánà tuntun tí mo rán fún un wò. Ní ìjọ tiwọn, wọn kì í wọ bàtà bí sútánà bá ti wà lọ́rùn. Bó ṣe dé ẹnu ọ̀nà iyàrá mi ló bọ́ bàtà rẹ̀, mo gbé sútánà fún un lórí háńgà, ó gbé e wọ̀ níbẹ̀. Èmi ṣíwájú wọlé láti mú téèpù.

Kábíyèsí ti jókòó sórí ẹní. Ó gbé àwo mi sáàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ti ki ọwọ́ bọ ẹ̀fọ́ dé ọrùn ọwọ́. Epo wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, ewé wà ní àgbọ̀n, igi ẹ̀fọ́ gígùn kan sì yọ síta lẹ́nu rẹ̀ bí ti ewúrẹ́ tí wọ́n ká mọ́ oko. Ó ń jẹ ẹ́. Kò sunkún.

Mo yí padà. “Bàtà mi dà?”

“Bàtà kẹ̀?” ni Bàbá wí. “Níbo lò ń lọ?”

“Ọmọ yẹn ń jẹ ẹ̀fọ́, Bàbá.”

“Mo rí i. Ṣé iná ló gbé jẹ ni?”

“Igi wà nínú ẹ̀. Ó lè há a lọ́fun.”

“Jókòó, Télọ̀.”

“Bàbá...”

“Mo ní kí o jókòó. Bí o bá ké mọ́ ọn báyìí, á mí kanlẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni yóò pá a lórí.”

Òun ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ná, pẹ̀lú sútánà tuntun. Mo jókòó tì í. Bàtà mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri lọ́hùn-ún, mò ń wò ó bí ẹni tí ọkọ̀ fi sílẹ̀ ṣe ń wo ẹ̀yìn ọkọ̀.

Ọmọ náà wúkọ́.

Mo ti dìde dé ìdajì. Bàbá di ẹsẹ̀ ṣòkòtò mi mú, kò wò mí, ọmọ ló ń wò. “Ó ń wúkọ́, ó ń gbọ́hùn jáde,” ló rọra wí. “Ẹni tó ń wúkọ́ ń mí. Bí kò bá dún mọ́, èmi ni n ó kọ́kọ́ dìde.” Ọmọ tún wúkọ́ lẹ́ẹ̀kejì, omi dé ojú rẹ̀. Gbogbo àdúrà tí mo mọ̀, ti ìjọ tèmi àti èyí tí mo ti gbọ́ ní ìjọ tiwọn níbi tí mo ti ń wọn aṣọ, mo dà wọ́n pọ̀ nínú ikùn mi. Ó wá tu igi ẹ̀fọ́ náà sí àtẹ́lẹwọ́. Ó gbé e sókè, ó yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa.

“Eish,” ló wí. Ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó sì tún bu ẹ̀fọ́ mìíràn.

Mo mí. Bàbá tú ṣòkòtò mi sílẹ̀.

“Àwo ta nìyẹn?”

“Tèmi ni, Bàbá.”

“Ẹ̀n-ẹ́n. Ọmọ ń jẹ àjẹkù bàbá ẹ̀. Kí ló wá mú bàtà wá nínú ẹ̀? Àwa kì í wọ bàtà dé ibi mímọ́. Ibi tí ọmọ bá ti ń jẹ ẹ̀fọ́, ibi mímọ́ ni.”

Kábíyèsí jẹ ẹ́ tán. Ó dìde, ó na ọwọ́, ó mú etí sútánà tuntun Bàbá, ó fi nu ẹnu rẹ̀ tọ̀tún tòsì. Bàbá wo epo pupa lára aṣọ funfun.

“Ti èyí,” ló wí, “la ó wá sọ̀rọ̀ lé lórí.”

Ìyàwó wa ò gbà mí gbọ́ nígbà tó dé. Ó ní inú rere ló ń ṣe mí, mo fẹ́ fi ọkàn òun balẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, ìlédìí ọmọ jẹ́rìí mi. Mi ò tíì rí ibi tí wọ́n ti fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ yọ̀ rí, àfi ilé wa lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ ó rò pé mo ti gbọ́n. Ẹ̀rù kì í gbọ́n bọ̀rọ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, mo tẹ́ ẹní, mo gbé àwo tèmi kalẹ̀, mo jẹun, mo ṣẹ́ ẹ kù bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n ìkọ́ àná ṣì ń bà mí lẹ́rù, mo bá padà lọ wọ bàtà, mo wé ọ̀já mọ́ ìbàdí. Kábíyèsí dé ẹnu ọ̀nà, ó ń bọ̀ tẹ̀ríntẹ̀rín. Ó wo ẹsẹ̀ mi. Ó dúró.

“Kiníìkì,” ló wí.

“Kílíníìkì kẹ̀? Oúnjẹ ni.”

Ó na ìka sí bàtà mi. Ó na ìka sí ọ̀já. Ètè rẹ̀ ti ń gbọ̀n. “Kiníìkì. Nóò.”

Mo wo bàtà mi, mo wo ọ̀já, mo wo jákẹ́ẹ̀tì tí mo gbé lé apá. Ó yé mi. Láti ìbẹ̀rẹ̀ òtútù, ojoojúmọ́ ni mo ń múra bí ọjọ́ tí wọ́n gún ọmọ yìí lábẹ́rẹ́, màá wá jókòó síwájú rẹ̀, màá ranjú mọ́ ọn, màá ní kó yanu. Èmi ni mo ń rò pé ẹ̀fọ́ ló ń sá fún. Ẹni tó bá rí mi bẹ́ẹ̀ tó tún yanu, orí rẹ̀ ò pé.

Mo jókòó sórí ẹní, mo tú okùn bàtà níṣojú rẹ̀, mo bọ́ ọ̀kan, mo bọ́ ìkejì. Mo gbé wọn lọ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì àwọn òbí rẹ̀ kí ó má baà sí nítòsí, nítorí mo mọ ara mi. Táìlì tutù débi pé ó ń ta mí ní àtẹ́lẹsẹ̀. Nígbà tí mo fi máa padà dé, ó ti gbé àwo.

Kò wá rọrùn láti ìgbà yẹn lọ o. Ọjọ́ mìíràn wà tó máa wo ẹ̀fọ́ tó máa rìn kọjá lọ. Ó gba tẹ̀tẹ̀, ó gba sípínáàṣì nígbà tó yá, ó gba elégédé bó bá ti jẹ́ èyí tó kù nínú àwo ẹlòmíràn. Kárọ́ọ̀tì, títí di òní, kò fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ò fẹ́ràn ẹní.

“Bọ̀ọ̀dá mi, orí àga ló yẹ kó ti máa jẹun. Àti ṣíbí.”

“Ìyàwó wa, Kábíyèsí ti sọ̀ kalẹ̀ lórí ìtẹ́. Tó bá tún gun ibẹ̀ ńkọ́, tí kò jẹ mọ́?”

Ó ronú sí i. Nígbà tó di òpin ọ̀sẹ̀, òun náà bọ́ bàtà ọ́fíìsì, ó jókòó sórí ẹní, ó jẹ ìdajì, ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni tó gbàgbé àwo. Kábíyèsí jẹ ẹ́ fún òun náà. Àbúrò mi fi ọkọ̀ òfuurufú rẹ̀ pamọ́. A dín mílíìkì kù, oògùn nọ́ọ̀sì ò sì yẹ̀. Ìyà tó jẹ mí níbẹ̀ ni ti pọ̀nmọ́. Bí mo bá ṣẹ́ ẹ̀fọ́ nìkan kù, Kábíyèsí á fi ìka tú àwo wò, á wá gbójú sókè wo ẹnu mi bí ọlọ́pàá.

Òtútù kásẹ̀ nílẹ̀, ọjọ́ kílíníìkì pé. Mo fa bàtà jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo so okùn rẹ̀, mo mú ọ̀já. Kábíyèsí rí mi, ó di ẹsẹ̀ tábìlì máṣíìnì mú. Mi ò bá a wí. Lọ́jọ́ yẹn, bàtà náà ò parọ́ fún un.

Wọ́n gún un ní ìka. Nọ́ọ̀sì gbé ẹ̀jẹ̀ náà sínú ẹ̀rọ rẹ̀, ó ń dúró. Ìyàwó wa di etí báàgì rẹ̀ mú débi pé mo rò pé yóò já. Télọ̀ ni mí, mo mọ aṣọ tó fẹ́ já. Èmi ń pọn ọmọ, mò ń jó sọ́tùn-ún sósì bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sunkún mọ́.

“Ó ń gòkè,” ni nọ́ọ̀sì wí. “Kò tíì dé ibi tí mo fẹ́, ṣùgbọ́n ó ń gòkè dáadáa. Kí lẹ ń fún un jẹ?”

Ìyàwó wa yíjú sí mi. Mo wá Òyìnbó tí n ó fi sọ ọ́. Èyí tí mo rí ni pé oúnjẹ tó kù nínú àwo mi la ń fún un. Nọ́ọ̀sì gbé kálámù sílẹ̀, ó wò mí bí ẹni tó fẹ́ pe ọlọ́pàá. Ìyàwó wa yára gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu mi, ó sì ṣàlàyé rẹ̀ pẹ́. Nígbà tó parí, nọ́ọ̀sì ń rẹ́rìn-ín. Ó ní bàbá ìyá òun náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ ní abúlé wọn.

Inú táásì ni ìyàwó wa ti pe Iléṣà.

“Màmá, kò ní lè wá mọ́. Gbogbo wa la jọ ń bọ̀ ní Kérésì.”

“Ta ló wá rọ ọ́?”

“Kò sẹ́ni tó rọ ọ́, Màmá. Bọ̀ọ̀dá ló mú un jẹ ẹ́.”

“Èyí tó ń ránṣọ yẹn? Ọkùnrin?”

“Òun ni.”

“Ó dáa,” ni ìyá àgbà wí. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, àánú rẹ̀ sì ṣe mí, torí òun náà ti múra ibi tí ọmọ máa sùn. “Kó bá mi ṣẹ́ díẹ̀ kù fún èmi náà tí ẹ bá ń bọ̀.”

Nígbà tí a dé géètì, mo bẹ̀rẹ̀ mo bọ́ bàtà síta níbẹ̀, mo gbé wọn lọ́wọ́. Ìyàwó wa ní táìlì ṣì tutù, kí n mú sùúrù. Kábíyèsí yọ orí lẹ́yìn mi, ó wo ẹsẹ̀ mi tí bàtà ò sí níbẹ̀, ó wo bàtà tó ń mì lọ́wọ́ mi.

“Fúùdù?” ló bi mí.

“Bẹ́ẹ̀ ni, Kábíyèsí.”

Mo tẹ́ ẹní. Mo jẹun, ojú mi ṣì ń sá lọ síbi ọ̀fun rẹ̀, mo ń fà á padà. Mo ṣẹ́ ẹ̀fọ́ kù, mo ṣẹ́ pọ̀nmọ́ kù. Òun jẹ tirẹ̀, kò ṣẹ́ nǹkan kan kù fún mi, ó sì gbé àwo náà, ó ń wọ́ ọ nílẹ̀ gbàrà gbàrà lọ sí ìdáná.